Ọmọ Calabar Tó Hú Ìṣúra Ọ̀wọ̀



Ẹni tí mo fẹ́ kí a rántí lónìí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ gbèsè ọpẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn àwa ọmọ Yorùbá. Ọmọ Creek Town nítòsí Calabar ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo, tí wọ́n bí ní 1931. Ní 1968, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olórí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò torí ipò gbàgbé oko iṣẹ́. Ní 1971, ó wa ilẹ̀ Igbó'Lájà l'Ọ́wọ̀, ó sì hú àwọn ère amọ̀ jáde, èyí tó fi hàn pé iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ bá ti Ifẹ̀ àti ti Benin tan.

Nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977, British Museum kọ̀ láti yá Nàìjíríà ní ère ojú Idia, Ìyá Ọba Benin, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Ìyẹn ò dá Eyo dúró. Ó di olùdarí àgbà àkọ́kọ́ fún National Commission for Museums and Monuments ní 1979. Ní 1980, ó kó ìṣúra Nok, Ifẹ̀, Ọ̀wọ̀ àti Benin wá sí Detroit fún àfihàn tí wọ́n gbé káàkiri Amẹ́ríkà. Láti 1986, ó ń kọ́ni ní University of Maryland. Ó kú ní 2011. Kò sí láyé mọ́ ní 2022, nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, tí kò jìnnà sí yunifásítì náà, dá ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọnà Benin 29 padà fún Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ àwa tó wà l'Amẹ́ríkà ló ti kọ́lé sí Addo àti Badore l'Ékòó. Kí àwọn ọmọ wa náà lè rí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, bí ẹ bá délé, ẹ kó wọn gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lọ sí Yemisi Shyllon Museum of Art ní Pan-Atlantic University. Ọmọọba Shyllon, ọmọ Abẹ́òkúta, ló fi nǹkan bí 1,000 iṣẹ́ ọnà ta á lọ́rẹ. Wọ́n ṣí i ní 2019. Jess Castellote, ayàwòrán ilé ọmọ Spain, ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ ò rí i? Ọmọ Calabar bá wa hú ìṣúra wa, ọmọ Spain bá wa ṣọ́ iṣẹ́ ọnà wa. A ní tiwa lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní ìmọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lòun fẹ́ kà, ẹ má fi dókítà àti lọ́yà dí i lọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ bá a san owó ilé ìwé rẹ̀.