Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Agbálẹ̀ sí Ilé Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìkòtún

 

Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mọ́ mi ni kí n wá yẹ ìwé owó wò, kí n sì béèrè ìdí tí àkọsílẹ̀ akápò kò fi bá ti báńkì mu. Lónìí, n kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ agbálẹ̀ ni mo bá wá, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fákúùmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó tí mo ń yẹ̀ wò láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgàndó, mo ń rí i pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti kó lọ sí ilé ara rẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi padà wá yáwó ohun èlò ilé. Fíríìjì ni, àga ni, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Ní ìsinsìnyí, ẹ̀rọ agbálẹ̀ ti wà lára wọn.

Ìwé arákùnrin kan ni ó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó yáwó, ó ní onídùúró méjì, ó lọ ra ẹ̀rọ agbálẹ̀ tòkunbọ̀ kan tí ó tóbi, tí ó sì ń dán. Nígbà tí ó délé, ó ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tan iná. Ẹ̀rọ náà ké tòò, èéfín bo pálọ̀, ó kú. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá gbáko ni a fi ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù onílé.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Fólítì 120 ni tiwọn. 230 sí 240 ni tiwa. Ẹni tí ó tà á ti gé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tí ó bá a wá, ó ti fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i. Ojú kò lè rí àléébù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo púlọ́ọ̀gì o. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ ka pátákó kékeré tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 110 tàbí 120 níbẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Tòkunbọ̀ ìlú òyìnbó ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí, nítorí iná wọn àti tiwa kò yàtọ̀, púlọ́ọ̀gì wa sì bára mu.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré síwájú. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé, irú ilẹ̀ wo ni ó wà nínú ilé yín? Bí ó bá jẹ́ táìlì tàbí simẹ́ǹtì dídán ni láti pálọ̀ dé yàrá, tí kò sí rọ́ọ̀gì, tí kò sí ẹni tí èémí ń yọ lẹ́nu, ìgbálẹ̀ onírun pẹ̀lú àkísà tútù tàbí mọ́ọ̀bù ti tó. Àkísà tútù kì í jẹ́ kí eruku fò. N kò ní bá ẹnikẹ́ni buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó nítorí ohun tí àkísà lè ṣe. Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wúlò ni ibi tí àkísà kò lè dé: inú rọ́ọ̀gì, inú àga oníbùsọ́, inú bẹ́ẹ̀dì, àti àwọn kọ́tìnnì tí ọyẹ́ máa ń fi eruku pupa kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì tí a kò tíì da ọ̀dà sí mọ ohun tí mo ń wí.

Èyí tí ó kàn ni ti ilé tuntun gan-an. Lọ́dọ̀ wa ní Alímòṣọ́, ta ni ó ń dúró kí ilé parí kí ó tó kó wọ̀ ọ́? Owó ilé tí a ń san fún onílé ni ó ń lé wa jáde. A ó kó wọlé, bíríkìlà yóò ṣì máa rẹ́ ẹ̀yìn, ẹni tí ó ń ṣe àjà POP yóò ṣì máa ha. Eruku simẹ́ǹtì àti ti POP lẹ́búlẹ́bú jù fún ẹ̀rọ agbálẹ̀ inú ilé. Ní kíá ni ó ń dí asẹ́ rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́, mọ́tò yóò sì gbóná títí tí yóò fi jó. Bí ó bá kan omi, ó tún wá burú sí i, nítorí simẹ́ǹtì ni, yóò gan. Bí iṣẹ́ kò bá tíì tán nínú ilé, ẹ fi owó yín pamọ́.

Irú ẹ̀rọ kan wà tí ó lè gba irú eruku bẹ́ẹ̀, èyí tí ó dà bí garawa ńlá, tí ó ń fa gbígbẹ, tí ó sì ń fa omi. Ó wúwo, ariwo rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì ga fún ẹni tí yóò lò ó lẹ́ẹ̀mejì péré. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi ní ra ọ̀kan, kí ó máa yá a fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń yá àga àti kánópì fún òde? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé. Nígbà tí Hubert Cecil Booth ṣe tirẹ̀ ní London ní 1901, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin ni ó ń fà á. Ojú títì ni yóò dúró sí, wọn yóò na rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọlé, wọn yóò fa eruku ilé náà jáde, onílé yóò san owó iṣẹ́, wọn yóò sì kọjá sí ilé mìíràn.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn kan lè máa tì kiri ni James Murray Spangler, agbálẹ̀ ilé ìtajà kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, ni ó ń bá a jà, eruku ìgbálẹ̀ sì ń dá kún un. Ó mú mọ́tò fáànù, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó so wọ́n pọ̀. Ní 1908 ni ìjọba wọn fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ni ó ṣe é, ilé iṣẹ́ ìdílé Hoover sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dárúkọ ikọ́ fée nítorí ó wà nínú ilé tèmi. Ọmọbìnrin mi kejì ni. Nígbà tí a kó dé ilé wa, mo ra ẹ̀rọ agbálẹ̀ tí kò wọ́n, ọkàn mi balẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń fa rọ́ọ̀gì, oòrùn sì gba ojú fèrèsé wọlé. Nínú ìtànṣán náà ni mo ti rí i pé bí ẹ̀rọ ti ń fa eruku níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tu ú jáde lẹ́yìn bí èéfín. Èyí tí ó nípọn ni ó ń gbé mì; èyí tí ó lẹ́búlẹ́bú, tí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ni ó ń fọ́n sí ọmọ náà lára. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ilé ìwòsàn ni a wà.

Nítorí náà, ẹ béèrè asẹ́ rẹ̀. Ẹ wá HEPA lára páálí rẹ̀, kí nọ́ńbà bí H13 sì tẹ̀ lé e. Nínú 10,000 ẹyọ eruku lẹ́búlẹ́bú, H13 kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ju 5 lọ kọjá. Bí páálí bá sọ pé ó "dà bí HEPA", èyíinì kì í ṣe HEPA. Ẹ̀rọ tí ó ní àpò dára fún ilé tí alásímà wà, nítorí ẹ ó yọ àpò náà dànù pẹ̀lú eruku inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àpò rẹ̀ wà lọ́jà, kí ẹ sì ra mélòó kan pa pọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ oníke tí a ń dà nù ni, ìta ni kí ẹ ti dà á, kí ẹni tí èémí ń yọ lẹ́nu má sì súnmọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá fọ asẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan. Asẹ́ tútù a máa ba mọ́tò jẹ́. Ní ilé tèmi, a ká rọ́ọ̀gì kúrò. Ẹ̀rọ tí a ní báyìí, bẹ́ẹ̀dì àti àga nìkan ni a fi ń fà. Oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ náà sì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọlọ́jà yóò máa pariwo wáàtì sí yín létí: "Èyí ní 2,000, èyí ní 2,400!" Wáàtì ni iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, kì í ṣe iye eruku tí ó ń fà. Láti oṣù kẹsàn-án 2017, àwọn orílẹ̀-èdè European Union kò gba kí a kó ẹ̀rọ agbálẹ̀ inú ilé tí ó ju 900 wáàtì lọ wá sí ọjà wọn, síbẹ̀ ilé wọn mọ́.

Ti owó iná kò tó ohun tí ń bà wá lẹ́rù. Ní oṣù kẹrin 2024, tí iye yúnítì kan fún àwọn tí ó wà ní Band A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225, ẹ̀rọ 1,500 wáàtì tí a bá lò fún ààbọ̀ wákàtí yóò jẹ nǹkan bí ₦169. Wàhálà wà nígbà tí iná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé wáàtì 1,000, kí a má tíì sọ 1,500. Ẹ má dán an wò. Èyí tí ń lo bátìrì yóò ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ni ọkàn rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí yóò bá ẹ̀rọ dàgbà. Ẹ béèrè iye bátìrì tuntun kí ẹ tó béèrè iye ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, yálà Alábà ni o tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ẹ ní kí wọ́n tan án. Ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu rọ́bà rẹ̀. Ó yẹ kí ó gbá ọwọ́ yín mú ṣinṣin. Ẹ mú iyanrìn díẹ̀ dání nínú ọ̀rá, ẹ dà á sórí rọ́ọ̀gì ọlọ́jà náà bí ó bá gbà, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó, kí ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì, nítorí òfin ààbò oníbàárà ti 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà láìpẹ́ bí kò bá wúlò fún ohun tí ẹ sọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá fẹ́ rà, ẹ ra irú kan náà pa pọ̀. Ọlọ́jà yóò gbọ́ tiyín, ẹ ó sì jọ máa wá asẹ́ àti àpò rẹ̀.

Ìyá kan ti na ọwọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ní a ká rọ́ọ̀gì kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn.