Arákùnrin Tí Kò Dìbò Bíi Tiwa
Lọ́dún 1965, lẹ́yìn ìbò Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n ní wọ́n yí, Yorùbá ń da epo bẹntiróòlù sára Yorùbá nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n ń ṣáná sí i. “Wẹ́tìẹ̀” ni wọ́n pè é. Àbùkù ẹnu ló máa ń ṣáájú irú iná bẹ́ẹ̀.

Abala 39 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò tirẹ̀. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pàápàá jiyàn lórí Máàkù títí wọ́n fi pínyà; a kò kà á pé wọ́n ṣépè fúnra wọn.

Èmi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìbò 2023, mo fi àdúrà bú arákùnrin kan láti orí pẹpẹ. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Kò yí èrò rẹ̀ padà, èmi náà kò yí tèmi. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá, a jọ jẹ ẹ́.