Ìwé Tó Ń Gba Igbó Là

Ìwé ìwádìí lè gba igbó là. Mo tún un sọ: ìwé ìwádìí lè gba igbó là.

Bí òrùlé bá ń jò, tí a kàn ń kùn, onílé lè má dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ lẹ́tà, tí a dárúkọ yàrá tó ń jò àti páànù tó yẹ ká pààrọ̀, onílé á mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ́rọ̀ igbó Òkòmù, nítòsí ìlú Benin, ṣe rí nìyẹn. Ní 1982, onímọ̀ méjì, Pius Anadu àti John Oates, kọ ìròyìn lórí ẹranko igbó ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Wọn ò kàn sunkún pé ẹranko ń tán. Wọ́n kọ èyí tó kù àti ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe. Ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tó ṣọ̀wọ́n láyé, ń gbé ní igbó Òkòmù. Nígbà tó yá, ìjọba ya apá kan igbó náà sọ́tọ̀. Ní 1999, ó di igbó ààbò ìjọba àpapọ̀.

Òótọ́ ni, ìwé nìkan ò lè dá ẹni tó ń gé gẹdú dúró. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń la ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì l'Ákọkà, ẹ kọ ọ́ kó yé aláṣẹ. Ìwé ìwádìí lè gba igbó là.