Ọba Adákẹ́dájọ́ Dákẹ́ Ni, Kò Dití

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

   

Ìṣirò owó ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wa ní irú ọjọ́ báyìí: iye tó wọlé, iye tí a yá jáde, iye èrè tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìtùnú, nítorí pé ọdún tó kọjá yìí kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ nínú wa. A sin ọkọ, a sin òbí, ìyá kan láàrin wa sì sin ọmọ tó rò pé yóò sin òun. Nígbà tí a lọ kí wọn, ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ láti ilé kan dé èkejì: "Níbo ni Ọlọ́run wà? Kí ni mo ṣe?" Kò yẹ kí á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Orúkọ kan wà tí àwọn baba wa ń pe Ọlọ́run, Ọba adákẹ́dájọ́. Ó dákẹ́ ni, kò dití. Ẹni tó ń sunkún sí I lọ́rùn kò ṣe àìgbàgbọ́, ẹjọ́ rẹ̀ sì ti wà níwájú Adájọ́, bí kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ìdáhùn.

Kristẹni àti Mùsùlùmí ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí, gbogbo wa la sì mọ ìtàn Jékọ́bù, Ànábì Yàkúbù. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú Jósẹ́fù àbúrò wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ wálé, wọ́n ní ẹranko ti pa á jẹ. Nínú Bíbélì, wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí, ó kọ̀. Nínú Àlùkùránì, ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi tí ojú rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ Ọlọ́run ló ń ké irora rẹ̀ sí, kò sì sọ ìrètí nù. Ànábì Ọlọ́run ni o! Bí ànábì bá lè sunkún tó bẹ́ẹ̀, ta wá ni wá tí a ó fi máa sọ fún opó pé "Ó tó gẹ́ẹ́, onígbàgbọ́ kì í sunkún"?

Ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sílé wàyí, nítorí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn. Wọ́n kó ìyá kan tó ń jẹ́ Àfàlá lẹ́rú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya Àjàyí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò ju bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Ìbànújẹ́ wọ̀ ọ́ lára débi pé ó gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Níkẹyìn, wọ́n tà á fún àwọn Potogí ní Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ẹrú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú yẹn lójú omi, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọmọ wọ ilé ìwé, ó ṣe ìrìbọmi, ó di Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé ó wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ní 1843, ó di àlùfáà. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ sì gbọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn, lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu àwọn. Wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n pè é ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Láti 1822 ni ọmọ ti bọ́ lóko ẹrú. Ìyá ò mọ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí tẹlifóònù. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko ló fi ń sunkún ẹni tí Ọlọ́run ti yọ. Ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí omi nígbà tí ẹkún ṣì ń lọ lórí ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè ní 1830 pé ibo ni Ọlọ́run wà, kí ni ì bá sọ? Síbẹ̀ Ọlọ́run kò jókòó lásán.

Ṣùgbọ́n a ò ní tan ara wa jẹ. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ogun ìgbà yẹn gba ọmọ wọn, tí wọn ò rí wọn mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹni tí àwa náà sin lọ́dún yìí, a ò ní pàdé rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ti irú wa ńkọ́? Ẹ wo ìwé ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó ń dá owó díẹ̀díẹ̀ kì í rí owó náà lójú lójoojúmọ́. Ó mọ̀ pé ó wà nínú ìwé, ọjọ́ ìṣirò sì ń bọ̀. Bí a bá lè fọkàn tán ìwé tí ọwọ́ èèyàn ń kọ, ẹ jẹ́ kí á fọkàn tán ti Ẹni tí kì í gbàgbé. Ọjọ́ ìṣirò tirẹ̀ ń bọ̀, bí kò bá ṣe láyé yìí, yóò jẹ́ lọ́run. Omijé kan ò ní gbé.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí ọ̀fọ̀ ò ṣẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta jókòó tì í lórí ilẹ̀ ní ọ̀sán méje àti òru méje, wọn ò sọ nǹkan kan. Títí ibẹ̀, wọ́n ṣe é re. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ó ṣẹ̀ ni, ni wọ́n bà á jẹ́. Nígbẹ̀yìn, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, kì í ṣe Jóòbù tó ń ráhùn. Nítorí náà, ẹ má bi opó léèrè ohun tó ṣe. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bá a fọ abọ́, ẹ bá a ṣí ìsọ̀ rẹ̀, kí ọjà má bàjẹ́. Bí a bá ní Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀, ibo ni yóò ti kọ́kọ́ rí I bí kò ṣe lára wa?

Ẹ má sì fi "Ọlọ́run á dájọ́" bo ojú ìyà. Ẹ rántí ọ̀kan nínú wa tí àwọn èèyàn ọkọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nígbà tí òkú ò tíì pé ogójì ọjọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yìí tẹ̀ lé e lọ bá àwọn àgbà ẹbí, wọn ò pariwo, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí kọ́kọ́rọ́ fi padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì gbéra lẹ́yìn àdúrà.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ fẹ́ kí á fọwọ́ sí nǹkan méjì lónìí. Èkíní, ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, a kò ní béèrè ẹ̀yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ onídùúró rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èkejì, kí oníkálukú wá kọ orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́wọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba tọmọ òrukàn.

Ọlọ́run yóò tu gbogbo ẹni tó ń sunkún láàrin wa nínú. Kò ní jẹ́ kí á tún rí irú rẹ̀. Ọjà yóò tà, àwín kò ní pọ̀ jù, a ó sì fi ayọ̀ pàdé lámọ́dún. Àmín.