Kíka Àmì Àrùn Onígbáméjì ní Etí Òkun Ìlàjẹ
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì



Àrùn onígbáméjì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí mo ń wá ni pé kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àrùn ń ṣe nínú ara, kí ó tó máa wá orúkọ rẹ̀ kiri. Láti Ayétòrò tàbí Àwóyè ní etí òkun Ìlàjẹ wa, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń gbé aláìsàn lọ gba ìtọ́jú ní Igbókòdá. Bí ìgbì bá le, tàbí tí epo ẹ́ńjìnnì kò sí, ọ̀nà náà á gùn sí i. Onígbáméjì kì í dúró de ọkọ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá láàárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Inú ìfun ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò Vibrio cholerae ń bá omi tàbí oúnjẹ wọlé. Omi kíkan inú ikùn ń pa púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá yè á lẹ̀ mọ́ ara ìfun kékeré. Wọn kì í gé ìfun, wọn kì í sì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oró ni wọ́n ń tú síbẹ̀. Sambhu Nath De, onímọ̀ ará Íńdíà, ni ó fi oró yìí hàn ní Calcutta ní ọdún 1959. Oró náà á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun, á sì ṣí i sílẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tí ẹnì kan ṣí tí ó bá tirẹ̀ lọ. Iyọ̀ ara ń dà sínú ìfun, omi ń tẹ̀lé e. Nígbà tó bá le gan-an, àgbàlagbà lè ṣu tó lítà kan ní wákàtí kan.

Bí èyí bá ti yé yín, ẹ kò ní máa há àmì sórí mọ́. Kí ló dé tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ náà, tó kàn dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì? Nítorí pé ìfun kò gé. Kí ló dé tí ara aláìsàn kì í sábà gbóná? Kòkòrò náà kò kúrò nínú ìfun. Ojú jìn wọnú, omijé gbẹ, ẹnu gbẹ, nítorí pé omi ara ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú iṣan kò pọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi di ọrùn ọwọ́ mú tí ẹ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ lílù rẹ̀, tí kíndìnrín náà kò sì ní rí ohun tí yóò sẹ́ di ìtọ̀. Iṣan ẹsẹ̀ àti ti ikùn ń fà gan-an, torí pé potásíọ̀mù ti bá ìgbẹ́ lọ. Mímí ńkọ́? Ohun tó ń pa kíkan inú ẹ̀jẹ̀ ti bá ìgbẹ́ jáde, ara sì ń fi èémí lé kíkan náà dànù. Aláìsàn á máa mí kíákíá, á máa mí jinlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀ á sì rò pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ara sì gbóná, ẹ ronú ìgbẹ́ ọ̀rìn. Iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe nínú ìfun yàtọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún awọ ara. A kọ́ yín pé kí ẹ fún awọ ikùn pọ̀ kí ẹ wò ó bóyá á tètè padà. Awọ arúgbó kì í tètè padà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Fún irú wọn, ojú, ẹnu, òùngbẹ àti ìtọ̀ ni kí ẹ gbójú lé. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ bi ìyá ọmọ náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni ọmọ yìí tọ̀ kẹ́yìn?"

Ní ti ìtọ́jú, oró tí kòkòrò náà ń tú sínú ìfun ò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ibì kan ṣì wà lára ìfun tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé, omi sì ń bá wọn wọlé. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn asáàlà kún ibùdó Bangaon ní Íńdíà, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára sì tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po ṣúgà àti iyọ̀ mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fún àwọn èèyàn wọn mu. Ikú tó tó 30 nínú 100 tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 4. Bí ẹ kò bá ní àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí ilé iṣẹ́ ìlera ń pín, omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, tí a wọ̀n pẹrẹsẹ, ni.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan á sọ pé omi ló ń fa ìgbẹ́, wọ́n á sì fi omi du ọmọ. Àwọn mìíràn á ní eyín ló ń hù. Ẹ má bú wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ìgbẹ́ ti kó omi ọmọ lọ, òun ni a ń dá padà. Kí ọmú má sì dáwọ́ dúró.

Ẹni tí kò lè mu mọ́, tàbí tí ara rẹ̀ ti rọ̀ jọwọlọ, iṣan ni a ó gbà fa omi sí i lára. Àgbàlagbà oníkílò 50 nílò lítà 5 láàárín wákàtí 3, lítà kan àtààbọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Iye yìí ń ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Ẹ̀rù fífún un díẹ̀ ni kí ó bà yín jù.

Ní etí òkun wa, ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kan. Kòkòrò yìí lè gbé nínú omi níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti pàdé láìsí èèyàn nítòsí, lára àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí wọ́n jẹ́ ìbátan edé. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló yí àwọn ilé orí òpó ká, inú rẹ̀ sì ni ìgbẹ́ ń bọ́ sí. Ní ọdún 1970, Guinea ni àrùn náà ti kọ́kọ́ yọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní oṣù kẹjọ, ó wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún náà, àwọn apẹja àti oníṣòwò sì wà lára àwọn tó gbé e gba etí òkun wá. Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín náà ṣeé sẹ́ kúrò nínú omi. Ní Bangladesh, onímọ̀ Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní ọdún 2003 pé níbi tí àwọn obìnrin ti fi aṣọ sàrí àlòkù tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹrin sẹ́ omi, onígbáméjì dín kù tó bí ìdajì. Síse omi tàbí fífi kúlórínì sí i ṣì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí igi ìdáná ti wọ́n kò gbọdọ̀ mu omi láìsẹ́ ẹ.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹnì kan tó ní àmì àrùn yìí, ẹ fi tó òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀ náà, torí púpọ̀ nínú àwọn tó gbé kòkòrò náà kì í ṣàìsàn rárá, wọ́n sì ń ṣu ún sómi. Bí ẹ bá fẹ́ gbé aláìsàn náà lọ sí Igbókòdá, ẹ kọ iye omi tó ti mu àti àkókò tó tọ̀ kẹ́yìn sínú ìwé, kí ẹ fún ẹni tó bá a wọ ọkọ̀ ní ìgò omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ó máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀.