Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Lẹ́tà sí Àwọn Ọmọ Wa Tó Wà ní SS3

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

  

Àwọn ọmọ wa tí ọpọlọ wọn pé, tí owó ilé wọn ò tó, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ ṣa tòmátì ní Mile 12 ní kùtùkùtù kó tó lọ sílé ìwé, síbẹ̀ tó ń gba ipò kìíní. Ẹ bi í pé ṣé ó máa mú UNILAG. Á ní, "Ibẹ̀ yẹn? Ti ọmọ olówó ni." Kò sẹ́ni tó tíì lé e, òun fúnra ẹ̀ ti padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rù yẹn ní ìdí o. Ní 2011, wọ́n gbé owó LASU kúrò ní ₦25,000, ó di láti ₦193,750 títí dé ₦348,750. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, wọ́n ṣe ìwọ́de, iye ọmọ tuntun tó ń wọlé sì já wálẹ̀. Ó di 2014 kí ìjọba tó dá a padà sí ₦25,000. Ní 2023, UNILAG náà gbé tiwọn láti nǹkan bíi ₦19,000 kọjá ₦100,000. Ìròyìn pé owó ti lọ sókè máa ń dé gbogbo àdúgbò. Ìròyìn pé ọ̀nà wà, ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń kú sí.

Ọ̀nà wo ló wà? Ẹ jẹ́ n kà á.

Èkíní, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 tó wà nílé ìwé ìjọba.

Èkejì, NELFUND. Òfin rẹ̀ tuntun jáde ní April 2024, wọ́n sì ṣí ibi ìforúkọsílẹ̀ ní May ọdún yẹn. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọmọ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Kò ní èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà.

Ẹ̀kẹta, owó sikọ́láṣípù àti bọ́sárì tí ìpínlẹ̀ Èkó ń fún ọmọ ìbílẹ̀. Àwa la nìyẹn!

Ẹ̀kẹrin, nínú ìlànà yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 35 nínú ààyè 100 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká. Èkó wà lára ti UNILAG.

Níbo wá ni ọmọ wa ti ń ṣubú? Níbi ohun kéékèèké. UNILAG kì í gba ẹni tí kò fi í ṣe yíyàn àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Kì í wo ẹni tí kò ní 200. Máàkì JAMB ń kó 50 nínú 100, ìdánwò tiwọn 30, èsì WAEC 20. Ọmọ tí kò mọ̀ pé WAEC ń ka máàkì á ní kí òun ṣáà ti ní C. Ẹlòmíì, NIN ẹ̀ àti orúkọ WAEC ẹ̀ ò bára mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni NELFUND ò ra fọ́ọ̀mù JAMB féèyàn, ọwọ́ òbí nìyẹn ti ń jáde.

Ní 2015, Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ tó mọ̀wé tí òbí wọn ò lówó: tó o bá wọlé, o ò ní san owó ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n kọ sí òbí àti ọ̀gá ilé ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá ti rí irú ìrànwọ́ yẹn gbà tẹ́lẹ̀ ká ní wọ́n béèrè. Nínú 100 tó gba lẹ́tà, 68 ló gba fọ́ọ̀mù. Nínú 100 tí kò gbà, 26 péré. Àwọn tó wọlé síbẹ̀ kúrò ní 12 nínú 100, ó di 27. Lẹ́tà lásán o!

Ẹlòmíì á ní, "Àwọn tó kàwé jáde dà? Ṣebí wọ́n ń gun ọ̀kadà." Òótọ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó kọ́ṣẹ́. Àmọ́ ọmọ olówó náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò torí ẹ̀ fi UNILAG sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì ló máa pe ara wọn síṣẹ́ lọ́la. Kí ọmọ tiwa yan èyí tó wù ú, kó má jẹ́ àìmọ̀ ló yàn án fún un.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń tọrọ.

Kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà ojú ìwé kan, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó máa dé ọwọ́ gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ wa tó wà ní SS3 kí November tó parí, pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti orúkọ òbí lórí ẹ̀.

Kí gbogbo àwa tá a wà ní UNILAG, LASU, LASUSTECH àti YABATECH mú ọmọ márùn-ún márùn-ún, ká tẹ̀ lé wọn láti orí NIN àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ títí wọ́n á fi wọlé.

Ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan: kí a yọ nínú owó àpèjẹ ìparí ọdún fún fọ́ọ̀mù JAMB àwọn tí òbí wọn ò lè rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìrẹsì ọjọ́ kan la máa dín kù.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà wa nìyí, ẹ̀yin àgbà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọmọ SS3 kan, kó fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Kòsọ́fẹ́ á tòrò, á tuba, á tùṣẹ.