Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tó Mọ̀, Tó Sì Dákẹ́

Kì í ṣe ẹni tó hùwà ìkà sí ọmọ ni mo wá bá wí lónìí. Òfin ti sọ tirẹ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe irú òfin ẹ̀tọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 2007. Olùkọ́ tó rí ojú ọgbẹ́, nọ́ọ̀sì tó fọ̀ ọ́, ọlọ́pàá tí wọ́n fi tó létí, tí gbogbo wọn ń gbowó oṣù ìjọba tí wọ́n sì dákẹ́, àwọn ni mo ní lọ́kàn.

Òfin 2003 yẹn fún ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ọmọ láṣẹ láti mú ọmọ tó nílò ààbò wá sí kóòtù. Ó fún wọn láṣẹ, kò sọ ọ́ di dandan. Abala tó fún wọn láṣẹ yìí kò tilẹ̀ dárúkọ olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì.

Mo mọ ohun tó ń fa ìdákẹ́ létí òkun wa ní Ìlàjẹ. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí Ayétòrò tàbí Awóyè, ilé onílé ló ń sùn. Bó bá fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn ní Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó fẹ́ lọ fẹ̀sùn kàn. Kó tó padà dé, gbogbo ìlú ti gbọ́. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí Ọlọ́jà, olórí ìlú, bá wọn parí ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àwáwí, òfin ló yẹ kó gba olùkọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀rù.

Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọmọdé wọn ti 2005 sọ ìfẹjọ́sùn di dandan fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àní olórí ìbílẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá fi òótọ́ inú sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí ẹ̀ gbà á lówó ní kóòtù. Ní ti ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé, òfin wọn ti 2007 lè sọ ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́ sẹ́wọ̀n ọdún 5.

Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́ lè fà. Victoria Climbié, ọmọ Côte d'Ivoire, kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2000 lẹ́ni ọdún 8. Ojú ọgbẹ́ 128 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Ìwádìí Lord Laming, tó jáde ní 2003, fi hàn pé ìgbà 12 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àǹfààní láti gbà á là. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ó yẹ kí Oǹdó náà ṣe irú òfin Gúúsù Áfíríkà yẹn, ọ̀gá sì ni kí òfin tiwa kọ́kọ́ mú. Olùkọ́ kékeré lè fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé lè ní kó gbé e jẹ́ẹ́. Kí ìyà ẹni tó bo ìròyìn mọ́lẹ̀ ju ti ẹni tí ẹ̀rù bà lọ. Kí wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ààbò ọmọ kan sí etí òkun, tí wọn yóò fún ní ọkọ̀ ojú omi àti owó epo.

Ẹ̀yin aṣòfin méjèèjì tó ń ṣojú Ìlàjẹ ní Àkúrẹ́, ẹ gbé àbá òfin yìí lọ síwájú ilé.